Eyín Mẹ́kà Alájì Zubair

Eyín wúrà kan ṣoṣo ló sọ Zubair di Alájì ní Omifunfun. Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé, tó rẹ́rìn-ín, tí nǹkan sì kọ mànà lẹ́nu rẹ̀, Alájì tòótọ́ nìyẹn. Taa ló tún ń béèrè ìwé? Bí a bá kí i lójú ọ̀nà oko, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, kódà bó jẹ́ ọ̀fọ̀ la wá sọ fún un.

Rodiyat ìyàwó rẹ̀ ló sì yẹ kó lọ o. Ìwó ni tọkọtaya náà ti wá ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó pẹ́ tí Rodiyat ti ń sọ pé bí kòkó bá lè ta dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré, ojú òun á rí Káábà. Ọdún tí kòkó wá gbówó lórí, tó ti bá ẹ̀jẹ́ntì tó ń kó èèyàn lọ Mẹ́kà sọ̀rọ̀ tán, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Taa ni yóò máa yí arúgbó lórí ibùsùn? Rodiyat ní kí ọkọ òun máa lọ dípò òun. Ohun kan ló bẹ̀ ẹ́:

"Bàbá Suhaib, bí ẹ bá dúró ní Àráfà, ẹ pe orúkọ ìyá mi."

Zubair lọ, ó sì dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, dàbínù àti eyín wúrà. Bó ṣe sọ àpò kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá ìyàwó rẹ̀ ló lọ jókòó sí. Ó ní, "Mo pe orúkọ yín, Ìyá. Mo pè é dáadáa." Arúgbó náà gbé ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ní kí wọ́n má gbé òun lọ sílé ìwòsàn ní Ore mọ́, pé àdúrà ti gbà. Rodiyat bẹ̀ ẹ́ títí. Kí ààwẹ̀ tó dé, ó kú, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń tu Rodiyat nínú kò ju pé wọ́n ti dárúkọ ìyá òun ní Àráfà.

Ìdí nìyẹn tó fi ń kẹ́ eyín náà bí ọmọ tuntun. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó po eérú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ fi fọ̀ ọ́ láràárọ̀ Jímọ̀, kó tó lọ kírun. Á dán fún ìgbà díẹ̀, á sì tún dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀bá rẹ̀ di àwọ̀ ewé, èrìgì wú, Zubair ní gbogbo ohun tí òun bá jẹ ń ṣe bí ẹni ń lá kọ́bọ̀.

Wọ́n gba Ore lọ. Dókítà eyín, obìnrin kan tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá, tan iná sí i lẹ́nu, ó fi irin ha eyín náà díẹ̀.

"Bàbá, idẹ ni wọ́n fi bo eyín yìí o. Bàbà àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀. Itọ́ ẹnu nìkan tó láti jẹ ẹ́, ká tó wá sọ ti ọsàn wẹ́wẹ́. Òótọ́ ni pé a máa ń yọ́ nǹkan mọ́ wúrà eyín kó lè le, àmọ́ bí wúrà bá pọ̀ tó nínú rẹ̀, kì í dógùn-ún lẹ́nu èèyàn. Ohun tó ń ṣí kúrò lára èyí ló ń ba èrìgì yín jẹ́."

Inú bí Rodiyat. Ẹ wo Lárúbáwá tó rẹ́ ọkọ òun jẹ nílẹ̀ mímọ́! Wọn ò tíì dé etí títì tó ti ní àwọn á lọ bá ẹ̀jẹ́ntì, àwọn á sì wá àwọn tí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n wá jẹ́rìí.

"Taa lẹ jọ sùn ní yàrá kan náà? Ẹ dárúkọ ẹnì kan péré fún mi."

Zubair di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ọkọ̀ Benin ń kọjá, ọkọ̀ Èkó ń kọjá.

"Má wá ẹnikẹ́ni," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ̀jẹ́ntì ti sá lọ kí fíísà tó jáde. Ṣágámù ni mo wà, lọ́dọ̀ Àzíìz ọ̀rẹ́ mi, títí àwọn alálàájì fi dé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe eyín. Ojú ló tì mí, Rodiyat. Ìwọ lo yọ̀ǹda àyè rẹ fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà wálé lọ́wọ́ òfo?"

Ìtìjú kẹ̀! Irọ́ tó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ti kúrò ní ti ìtìjú, ìkà ni. Zubair ń retí kí ìyàwó rẹ̀ pariwo. Kò pariwo. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọkùnrin náà.

"Ti ẹ̀jẹ́ntì á kọjá lọ. Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ dé, à bá jọ sunkún. Àmọ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi ní òun ò lọ sílé ìwòsàn mọ́. Mo kúnlẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ fà mí dìde, Bàbá Suhaib. Ẹ ní kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀, pé àdúrà Àráfà kì í yẹ̀."