Ọmọ Ibo Ni Ẹ́?

Ọdún kẹta mi nílé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń to àwọn ọmọ tuntun síwájú ọ̀gá kan láti dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù kọ fọ́ọ̀mù lónìí, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ràfíátù, ọmọ àdúgbò wa ní Ìgándò, l'Ékòó, gba máàkì tó ju èyí tí èmi gbà nígbà tèmi lọ. Ìgándò ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kàwé mẹ́wàá jáde. Ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá kàwé girama ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ Èkó. Ọ̀gá yẹn kò bi í níbi tó ti kàwé o. Ó ní, "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Ta ni nínú wa tí wọn ò kọ́ ní ìdáhùn yẹn nílé? Ẹni tí wọ́n bí sí Ìdímù, tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìlú baba rẹ̀ rí, ìlú baba rẹ̀ náà ni yóò dárúkọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi ìdùnnú sọ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun. Ọkùnrin yẹn kọ "àlejò" síwájú orúkọ rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀kọ́ ilé ọmọ ọlọ́mọ ló fi mú un. Ìkà èèyàn.

Lọ́jọ́ kẹta, a dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn pa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ká fara balẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ ibo ni yín?"

Inú rẹ̀ dùn, ó nàró. "Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ìbàdàn pọ́ńbélé."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi. "Ẹ kọ àlejò síwájú orúkọ tiyín náà, sà."

Ojú tì í, ó wọlé padà. Mo gbádùn ẹ̀, n ò níí parọ́ fún yín. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lónìí, màá tún un ṣe jàre.

Kó tó di ọdún kejì, wọ́n ti fòfin de ìbéèrè náà, ìwé girama nìkan ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti bá ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n àyè Ràfíátù, wọ́n ti fún ẹlòmíràn, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́. Aṣọ ló ń rán ní àdúgbò Command báyìí. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan sì ní kí n fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lóṣù tó kọjá, Ràfíátù bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo parọ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo mọ̀ pé wọn ì bá gbà á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní í dárí ji ọkùnrin yẹn láéláé.