Obì Ló Bo Àṣírí Oníjó

Kékeré ni mo wà ní Ìkòsì nígbà tí mo ti mọ̀ pé àbàwọ́n obì kì í lọ. Ìyá àgbà mi a máa jẹ obì láàárọ̀, wọn a sì nu ọwọ́ sí etí ìró. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n fọ ìró náà, ẹkún ni mo sì fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fojú tín-ín-rín wo ohun tó bá pa yín lẹ́kún lọ́mọdé.

Mo dàgbà, mo di aránṣọ ní Kétu. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni obìnrin oníjó kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, bó bá sì ń jó, á máa pòyì bí òkòtó. Ó kó ohun roboto méjì lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń bo orí ọmú. Ó ní láyé àtijọ́, ìjọba òyìnbó ló ní kí àwọn oníjó wọn má ṣí ọmú sílẹ̀, ni àwọn yẹn bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun tí kò tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ òógùn Èkó kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dúró. Tirẹ̀ ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú agbo. Ìyá rẹ̀, Àlàájà tó ń ta tòmátì ní Mile 12, gbọ́, wọ́n sì búra pé àwọn ń bọ̀ wá wòran ní Sátidé: bí àwọn bá rí ìhòòhò ọmọ àwọn, kó má pe àwọn ní ìyá mọ́. Ọ̀gá àwọn oníjó náà sì ti ní, bó bá fi aṣọ di ara rẹ̀ bí ìyàwó pásítọ̀, òun á fi ẹlòmíì síwájú.

"Aunty, ẹ gbà mí," ló wí. "Mi ò fẹ́ pàdánù ìkankan nínú méjèèjì."

Mo ra àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní "skin colour" lọ́jà. Awọ ta ni? Bí ẹfun ló rí lára ọmọ adúláwọ̀! Inú bí mi. Ibi tí mo ti ń ráhùn ni mo ti rántí ìró ìyá àgbà mi. Mo gún obì, mo fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, mo ju ìṣó tó dípẹtà sí i kó lè dúdú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ri àwọ̀n náà bọ inú rẹ̀ kó tó bá ẹ̀yìn ọwọ́ oníjó náà mu. Mo fi rán ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọrùn dé ìdí, mo wá fi òwú rán ohun roboto méjèèjì mọ́ àyà ẹ̀wù náà pinpin.

Sátidé dé. Oníjó jáde, gbogbo gbọ̀ngán hó yèè. Àlàájà dìde fùú, wọ́n gorí pèpéle, wọ́n fẹ́ fi ìborùn wọn bo ọmọ wọn. Bí ọwọ́ wọn ṣe kan èjìká rẹ̀, awọ fà sókè! Wọ́n tún fà á.

"Aṣọ ni o!" ni wọ́n ké. "Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ mi wọṣọ! Aṣọ ni!"

Àlàájà ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ọmọ wọn jó, tí wọ́n ń ju ìborùn sókè. Èmi sunkún ayọ̀ lórí ìjókòó mi, n kò tijú ẹnikẹ́ni.

Ayé ti yí padà. Lónìí, àwọ̀n tó bá awọ wa mu ló kún ọjà Kétu, àwọn ọmọ tó ń tà á sì máa ń pè mí: "Mummy, ẹ wá wò ó, ọjà tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí!"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Mo fi ẹkún fọ ti obì ní Ìkòsì, kò ṣí.