Ẹ̀kọ Gbígbóná Ọjọ́ Kejì

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olùtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu igbó. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni pé èmi náà ti mu ún rí. Ìyá mi ló mú mi wá sí ìjọ Aládùúrà wa nítòsí Ọjà'ba. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà tí Olúwa fi gbà mí, mo dúpẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Baba Wòlíì pè mí.

"Wọ́n ti mú ọ̀kan wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Ìwọ ni wàá máa bá a gbé. Ohun tó wò ọ́ sàn ni kí o sọ fún un."

Gbogbo ìjọ ló mọ ohun tó wò mí sàn: ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, láìfi omi kan ẹnu. Mo ti jẹ́rìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, halelúyà sì ń gba ilé kan.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ ni ọmọkùnrin náà, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó ti rí mi ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí a jọ ń mu ún lẹ́yìn Mápó! Wòlíì kékeré, ètè rẹ ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò."

Ó gbà láti gbààwẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀. Baálé ilé wọn ti sọ pé bí ti ṣọ́ọ̀ṣì kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àbà de ẹsẹ̀ wèrè mọ́ igi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń gbọ̀n, ó sì ń bì. Òróòro nìkan ló ń jáde. Mo rò pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń kúrò lára rẹ̀. Mo ń lu agogo, mo ń ka sáàmù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi."

"Ó ku ọjọ́ kan péré."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. "Mo ń lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn mí mábà. Wọ́n á fún mi lómi níbẹ̀."

Kò dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣubú.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí mo ti yọ kúrò nínú ẹ̀rí mi. Èmi náà ṣubú lọ́jọ́ kejì tèmi. Ìyá Ìjọ ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi lójú fèrèsé, tó ní, "Mu ún kíá, Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀dájú." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ́rìí, n kò tíì dé ibi ẹ̀kọ náà tí ìjọ fi hó yèè. Láti ìgbà náà, n kò sọ ọ́ mọ́.

Mo sáré lọ bá Ìyá Ìjọ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po ẹ̀kọ."

"Ọjọ́ kejì ti pé, àbí? Omi ti wà lórí iná."

Mo gbé orí ọmọ náà lé itan, mo ń fún un mu, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ẹ̀kọ gba imú rẹ̀ jáde.

"O purọ́ fún Ọlọ́run!"

"Ìjọ ni mo purọ́ fún. Ọlọ́run mọ̀."

Ó mu ún tán, ó sì tú ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tún ẹ̀rí mi jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ nínú rẹ̀. Ìyá Ìjọ nìkan ló ké halelúyà.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ọmọ náà lò lọ́dọ̀ wa, àbà kò sì kàn án lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú ẹlòmíràn wá, òun ni wọ́n ní kó tọ́jú rẹ̀. Kó tó ṣí Bíbélì, ó kọ́kọ́ lọ gbé omi kaná.