Mọ́tò Tí Kò Ní Háńdù

Òórùn irin jíjó ni aṣọ mi máa ń rùn ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Coconut, nítòsí èbúté Apapa. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, kò lọ. Ìsọ̀ wa wà lẹ́yìn ibi tí àwọn tírélà máa ń tò sí bí wọ́n bá ń retí ẹrù láti wáàfù, lábẹ́ àtíbàbà páànù kan tó ń jò. Àwa méjì la jọ ń lò ó. Èmi ni rẹwáyà, èmi ni mò ń so wáyà iná mọ́tò. Ẹnìkejì jẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà, òun ló ń na ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀. Ọmọ Ùróbò ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá bíi tèmi, àmọ́ tó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀, pijin ló máa fi ń parí ẹ̀.

Nígbà náà, mo gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa iná mọ́tò. Mo ti wo fídíò lórí fóònù débi pé bí oníbàárà bá ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀, n kì í jẹ́ kó sọ tán kí n tó dá a lóhùn. Ẹlòmíràn á kàn máa wò mí. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló ń yà wọ́n lẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wáàfù wa mọ́tò kan wọ ìsọ̀ wa. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló máa ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ètò bí ẹrù wọn ṣe máa jáde ní èbúté Apapa, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé àwọn tó ń ṣọ́ géètì máa ń dìde kí i. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kì í pariwo, kì í yára rìn, àmọ́ mi ò rí i rí kí ó lọ síbì kan kí ó má mú ohun tó lọ wá bọ̀. Mọ́tò tó wà wá jẹ́ ti àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì, tó gùn tó sì lọ sílẹ̀. Ó ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe níbòmíràn.

"Ẹ bá mi yọ háńdù ìta ilẹ̀kùn méjèèjì," ó ní. "Ẹ dí ojú ibẹ̀ kó dán bí ẹyin. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé háńdù wà níbẹ̀ rí."

Pánẹ́ẹ̀bítà bi í pé, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe fẹ́ máa wọlé?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi wá síbi tí rẹwáyà wà."

Orí mi wú. Mo ti rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe fújà ló ń gùn ún. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún pánẹ́ẹ̀bítà pé ìgbà èwe ló ń padà ṣe Ìyá Wáàfù. Ó wò mí, ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Work don come, make we work."

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. A tú inú ilẹ̀kùn, a yọ háńdù, ihò tó fi sílẹ̀ sì ń wò wá bí ojú ẹja. Pánẹ́ẹ̀bítà ò fi páànù èyíkéyìí dí i. Ó lọ wá ilẹ̀kùn àlòkù kan tí ìrísí ara rẹ̀ bá tiwa mu, ó gé abala kékeré níbẹ̀, ó ń fi ayùn họ etí rẹ̀ títí ó fi wọ inú ihò náà wẹ́kú. Nígbà tó fẹ́ jó o mọ́ra, kò jó o lẹ́ẹ̀kan. Á fi iná kan ibí, á dúró kó tutù, á lọ kan òdìkejì. Ó ní bí iná bá pọ̀ lójú kan, ara ilẹ̀kùn á wú, kò sì ní tẹ́ mọ́ láé. Èmi á jókòó tì í, á máa ṣe mí bíi kí n gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ kí n yára jó o tán. Lẹ́yìn tó lọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n fín ọ̀dà sí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún lọ, mo nu ún bọ̀, mi ò mọ ibi tí háńdù wà rí. Mo mọyì ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sọ fún un lọ.

Tèmi ni ti inú. Mo so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń há, tó jẹ́ pé bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fa okùn irin, ilẹ̀kùn á já, rọ́bà líle tí mo fi sí etí rẹ̀ á sì tì í síta díẹ̀. Nítorí ọjọ́ tí bátìrì bá kú, pánẹ́ẹ̀bítà ní ká fi okùn irin mìíràn pamọ́ sábẹ́ mọ́tò, tí èèyàn lè fà. Bọ́tìnì tó ń ṣí ilẹ̀kùn ni mo fi yangàn jù. Mo rì í mọ́ abẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́, ó kéré bí ẹ̀wà, kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ìyá Wáàfù wá wò ó. Kò fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìgúnpá ló gbé síbẹ̀, ó ń wá bọ́tìnì náà kiri, kò kàn án. Ó mi orí.

"Èyí ò dáa. Mo fẹ́ ohun tí ìgúnpá lè ṣí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ohun tí èmi kì í ṣe fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí táyà kan, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀.

Tírélà ni bàbá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, láti Apapa dé Kano. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, ó gbádùn, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lè di nǹkan mú mọ́, ọwọ́ òsì ló sì fi ń di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú.

"Tí a bá dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò," ó ní, "ọwọ́ ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ nà. Á fi kan háńdù, àwọn ìka ò ní ká. A ó wá dúró síbẹ̀. Tí n bá ṣí i fún un, ojú á tì í. Tí mi ò bá ṣí i, ojú á ti èmi náà. Ó ti sọ pé òun ò jáde mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ. Ó ní tí wọ́n bá béèrè òun, kí n ní òun rin ìrìn àjò."

Mo wo bọ́tìnì mi lábẹ́ dígí, ó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lójú mi.

Mo tú gbogbo ohun tí mo so. Rọ́bà dúdú gbọọrọ kan wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò náà kọ̀ọ̀kan, tó wà níbẹ̀ kí ara mọ́tò má baà ha. Mo wá bọ́tìnì ńlá méjì, irú èyí tí wọ́n ń lò fún tírélà, mo tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rọ́bà ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá fi ìgúnpá tì í, tàbí ẹ̀yìn ọwọ́, tàbí orúnkún pàápàá, ilẹ̀kùn á ṣí. Mo di ọwọ́ ara mi méjèèjì ní ìkúùkù, mo ń dán an wò títí pánẹ́ẹ̀bítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Wáàfù gbé ọkọ rẹ̀ wá nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Mi ò mọ irọ́ tó pa fún un kó tó gbà. Bàbá gíga ni, ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Háńdù rẹ̀ dà?"

"Kò ní, Dádì," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "A ti yọ ọ́."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti yé e. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ ti ba mọ́tò jẹ́ nítorí ọwọ́ mi."

"A ò ba nǹkan kan jẹ́. Ibi tí ẹ máa tì lèmi náà máa tì. Kò sẹ́ni tó ní háńdù níbí."

Bàbá yí padà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin tó ń ta ìrẹsì lódìkejì. Ìyá Wáàfù ò tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kó dà bí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn.

Àwọn awakọ̀ tírélà méjì ló gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n dá bàbá mọ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n ní àwọn ò rí i láti ọjọ́ yìí. Ọ̀kan bi í pé ta ló ni mọ́tò tó rẹwà yìí. Bàbá ní, "Tèmi ni." Wọ́n lọ fọwọ́ bà á. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa gbà ṣí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ etí ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Baba, dis motor no get door o."

Mo ń wo bàbá. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gbé èjìká rẹ̀ mì. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó dìde.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," ó ní.

Kì í ṣe ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn ló lọ bá. Ó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó fi ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ́bà náà. Ilẹ̀kùn já, ó ṣí díẹ̀. Ó fi ara gbé e ṣí tán, ó sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ wọlé."

Ìyá Wáàfù wọlé. Pánẹ́ẹ̀bítà kọjú sí ògiri, ó ní eruku kó sí òun lójú. Bàbá wá lọ sí òdìkejì, ó ṣí tirẹ̀, wọ́n sì lọ. Àwọn awakọ̀ méjì yẹn ṣì dúró, wọ́n ń bi wá bó ṣe ṣe é.

Wọ́n gbé mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí bàbá tó lọ sinmi. Àwọn ọ̀dọ́ tó rí i ní ká ṣe irú ẹ̀ fún àwọn, a sì ṣe é; fújà náà lẹ́tọ̀ọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà, mo kọ́ láti dákẹ́ kí oníbàárà sọ tán, kí n sì béèrè ta ló máa wọ mọ́tò náà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Wọ́n ti ń sọ ọ́ sí mi létí láti kékeré. Mo rò pé ọ̀rọ̀ nípa pẹpẹ àti kèrègbè ni.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Wáàfù gbé mọ́tò náà wá kí n wo iná iwájú rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì. Mo rọra bi í bóyá kí a dá háńdù padà, nígbà tí ẹni tí a torí ẹ̀ yọ ọ́ ti lọ. Ó na ọwọ́ sí mi. Àwọn oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, làkúrègbé ti ká wọn.

"Kí ni n ó fi háńdù ṣe?" ó ní. Ó fi ìgúnpá ti ilẹ̀kùn, ó ṣí, ó sì gbéra lọ sílé ní Ajégúnlẹ̀.