Ọkọ̀ Tí Kò Lè Fo Igi Dàwàdáwà

Ẹnu yà mí lónìí débi pé tíì tutù sí mi lọ́wọ́.

Mo ti búra fún ọmọ mi Sàlámì pé n kò ní wọ ọkọ̀ òfurufú lọ Mẹ́kà, torí ó ń fò ga jù. Ló bá fi àwòrán ọkọ̀ alápá kúkúrú kan hàn mí, tó ń fò bíi kó fara kan òkun.

Mo ní, "Èyí ni tèmi."

"Ìyá, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín apá rẹ̀ àti omi ló gbé e dúró. Kò lè fo igi dàwàdáwà wa yìí."

"Ọkọ̀ òfurufú ńkọ́?"

"Ìyẹn ń fo òkè."

Àṣé èyí tí mo ń sá fún ló lágbára.

Lọ́la, màá ro túwó fún aláìní mẹ́wàá, kí n fi ṣe ìtánràn ìbúra mi, torí màá wọ ọkọ̀ òfurufú náà. Ta ló máa bá mi rò ó? Ẹ má ṣáà sọ ìdí rẹ̀ fún Sàlámì.