Epo Ni àbí Ọtí?

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ní ìsinmi Àjíǹde ọdún 1965. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nílé bàbá mi ní Ìkìrun nígbà tí ọkùnrin kan láti Inísà gbé alùpùpù rẹ̀ ti ara ògiri wa, ó sì wọlé tòun ti ìgò kan lábẹ́ apá. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ni, ẹni mímọ̀ nílé wa.

"Tíṣà," ó ní, "wọ́n ní kẹ́mísìrì lo kà ní yunifásítì. Wá gbóòórùn nǹkan yìí."

Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ta mí nímú. Ó ní ẹ̀gẹ́ lòun fi ṣe é, pé kò sí ẹ̀kán pẹtiróòlù kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ òun náà lòun dà sínú alùpùpù tóun gùn wá. Ó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Òkukù, nítòsí rélùwéè, kí àwọn ọkọ̀ lè máa fi epo ẹ̀gẹ́ rìn. Ẹni tó mọ kẹ́mísìrì ló kù kó rí. Bí mo bá gbà, èmi ni ọ̀gá ibẹ̀. Bí n ò bá gbà, kí n tètè sọ, kóun lọ wá ẹlòmíràn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Ajé, ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni gbọ́dọ̀ gbọ́ bóyá mò ń padà bọ̀.

N kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Mo bi í bóyá ìjọba ti fún un ní ìwé àṣẹ. Ó ní ó ń bọ̀. Mo fi "ó ń bọ̀" yẹn sí apá kan nínú ọkàn mi, nítorí gbogbo wa la mọ àwọn tí ọlọ́pàá ti kó torí ògógóró.

Bàbá mi ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Díákónì ni wọ́n ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n jáde, wọ́n wo ìgò náà.

"Kí lo pè é?"

"Epo ẹ̀gẹ́ ni, bàbá."

Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Epo ni àbí ọtí?"

Mo ní n kò tíì mọ̀.

"Kí la wá rán ẹ lọ sílé-ìwé fún?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Bó bá jẹ́ ọtí, àwọn mọ́tò á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì nìyẹn."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ń jókòó lórí àga díákónì, òun àti ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ọtí, wọn ò gbọdọ̀ sè é, wọn ò sì gbọdọ̀ tà á. Orí àga yẹn ni mo gbọ́njú bá bàbá mi.

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé pẹtiróòlù ló wà nínú ìgò, irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa, kò sí iṣẹ́ kankan. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, ohun tó wà nínú ògógóró náà ló wà nínú ìgò yẹn, n kò sì lè fi orúkọ mìíràn pè é níwájú bàbá mi. N kò mọ èyí tó yẹ kí n máa gbàdúrà fún nínú méjèèjì.

Ní Àbámẹ́ta mo wọ rélùwéè lọ sí Inísà. Lẹ́yìn ilé ọkùnrin náà, àgbá ńlá kan wà lórí iná, páìpù kan ti ara rẹ̀ gba inú omi tútù kọjá, ohun tó ń kán lẹ́nu páìpù náà sì mọ́ kedere. Mo ní kó kọ́kọ́ fa díẹ̀ fún mi nínú táńkì alùpùpù rẹ̀. Mo dà á sínú ìgò funfun, mo bu omi sí i, mo mì ín, mo gbé e kalẹ̀. Ọtí a máa bá omi dà pọ̀ di ọ̀kan; pẹtiróòlù ni kì í bá a dà pọ̀. Kò pẹ́, ohun inú ìgò pín sí méjì, ọ̀kan léfòó sórí èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, pẹtiróòlù wà níbí."

"Díẹ̀ ni."

"Ẹ ní kò sí ẹ̀kán kan."

"Àárọ̀ ló máa ń ṣagídí, mo wá fi díẹ̀ là á lójú. Ṣé ìwọ náà kì í mu tíì kó o tó lọ síbi iṣẹ́ ni?"

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́, inú sì tún ń bí mi. Iṣẹ́ ti bọ́, ṣùgbọ́n n kò ní ẹjọ́ kankan í bá bàbá mi rò mọ́. Mo gbé báàgì mi.

Ojú tì í ju bí mo ṣe rò lọ. Ó dá mi dúró, ó tú táńkì náà dà nù lójú mi, ó sì rọ ohun tó ń kán lẹ́nu páìpù sí i. Ó fẹsẹ̀ ta alùpùpù náà títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó gbà, ó ń dún bí ẹni tó ń wúkọ́. Kò jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn, kó má baà wúwo jù fún un. "Òkukù ni mò ń lọ," ó pariwo. "Wọ rélùwéè wá bá mi!"

Rélùwéè pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo sọ̀ ní Òkukù, orí alùpùpù rẹ̀ ni mo bá a lẹ́bàá tésàn rélùwéè.

"Tíṣà, ó ń ṣe ẹ́ bíi pé mo tì í wá, àbí?"

Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó gbóná. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ta pẹtiróòlù ní Òkukù náà. Mo ní kó ṣí táńkì.

"Áà! Ṣé o gba Ọlọ́run pàápàá gbọ́?" Ó ṣí i.

Mo bù ú sínú ìgò, mo bu omi sí i, mo mì ín, mo gbé e sórí pèpéle tésàn, mo dúró tì í. Mo wò ó títí, kò pín. Ó ti di ọ̀kan pẹ̀lú omi.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ń kun bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọtí ni, bàbá," mo ní. "Ó sì ṣiṣẹ́."

"Ó gbé alùpùpù?"

"Láti Inísà dé Òkukù."

Wọ́n tún kun bàtà náà. "Ṣé iṣẹ́ ọ̀hún wù ọ́?"

"Ó wù mí, bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Mi ò bi ọ́ ní ṣùgbọ́n."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n jáde nílé ṣáájú wa. N ò sí níbi tí wọ́n ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, n kò sì lè sọ ohun tí wọ́n bá a sọ. Nígbà tí àwọn díákónì jókòó níwájú, àga kan ṣófo láàárín wọn. Bàbá mi gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọ́n ní kí n sún, wọ́n sì jókòó tì mí.