Ọjọ́ Tí Wọ́n Já Àgádágodo Yàrá Iwájú

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká sí Èkó àti òkè òkun, mo fi yàrá iwájú ilé wa ní Òde-Ayé háyà fún obìnrin kan tó ń ta gàrí. Kì í ṣe torí owó. Ilé ńlá tó ku ẹnìkan ṣoṣo máa ń dẹ́rù bani. Bí ṣíbí bá já bọ́ ní ilé ìdáná, àyà mi á já.

Obìnrin náà kéré sí mi púpọ̀, Màmá ló ń pè mí. Bó bá ti ọjà Òkìtìpupa dé nírọ̀lẹ́, á kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Bí mo tilẹ̀ ti jẹun, mo máa ń ní rárá. A ó jọ ro púpurú, òkèlè tí à ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, a ó fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́, á sì máa ròyìn ọjà fún mi títí oorun á fi máa kùn mí.

Nígbà tó yá, gàrí wọ́n. Ó wọ́n débi pé àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Osóòrò pàápàá ń ra gàrí jẹ. Ìjọba kéde lórí rédíò pé àwọn oníṣòwò ló ń kó oúnjẹ pamọ́, pé ibikíbi tí ìjọba bá ti bá a, ìjọba á tà á fún aráàlú. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí kò ti ròyìn ọjà mọ́. Mo ń rí àpò tó ń wọlé, n kò rí èyí tó ń jáde. N kò béèrè, kó má baà kó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ ìjọba kan dúró sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ọ̀gá wọn tẹríba díẹ̀ kí mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí dà?"

Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n já àgádágodo. Àpò gàrí kún inú yàrá náà dé àjà.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Kíá, gbogbo àdúgbò ti gbé abọ́ àti ike dé, wọ́n ń kọrin. Obìnrin náà sáré ti ọjà dé, ó dúró láàárín ọ̀nà. Èmi ni mo pariwo.

"Ẹ fún un lówó ọjà rẹ̀! Òun ló rà á!"

Ọ̀gá ní, "Kó wá gbà á ní ọ́fíìsì."

Ẹnìkan kígbe láàárín èrò: "Màmá yìí náà mọ̀ sí i! Ilé ta ni wọ́n kó o sí?"

Obìnrin náà lọ sí ọ́fíìsì náà títí ó fi sú u. Òní kọ́, ọ̀la ni. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí gbogbo wa ti ń wọ aṣọ funfun kan náà, àwọn obìnrin tí a jọ ń jókòó sún síwájú, ó ku èmi nìkan lórí bẹ́ǹṣì.

Mo wọkọ̀ lọ bá a ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Màmá, òótọ́ ni mo kó o pamọ́. Mo ń retí kó tún wọ́n sí i."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì bá mi wí?"

Mo ní kó máa bọ̀ nílé. Ó mi orí. "Ojú àwọn ará ibẹ̀, Màmá. N kò lè fara dà á."

Gàrí tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà tán kíákíá. Ìjọba kò padà wá, gàrí sì tún wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, aládùúgbò mi kan, tí ike tirẹ̀ kún jù lọ lọ́jọ́ náà, kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo sáré ṣí i.

"Màmá, níbo ni obìnrin yẹn kó lọ? Òun nìkan ló máa ń fún wa ní èènì."

Mo ní Ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo ní kó wọlé, kó jókòó, iná wà lábẹ́ ìkòkò.

"Ìrẹ̀lẹ̀ ti jìnnà jù," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.